Ilẹ̀kùn Méjì, Ẹsẹ̀ Kan

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Badmus fi wa mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má rò pé mo fi ń bú u. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí tòkunbọ̀ bá ti bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, tí kọ́sítọ́ọ̀mù sì ti yọ̀ǹda rẹ̀, Badmus ni yóò wọ inú rẹ̀, tí yóò wà á gba Ọ̀rẹ̀, gba Ọ̀wọ̀, tí yóò sì gun àwọn òkè Àkókó wá sí sítáńdì tí Alhaji Kareem ti ń ta mọ́tò ní ọ̀nà Jùbílì, ní Ìkàrẹ́. Yóò pa iná rẹ̀, yóò fi kọ́kọ́rọ́ lé Alhaji lọ́wọ́, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Latifah ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé nínú gbogbo awakọ̀ ayé, ọkọ òun nìkan ni bàtà rẹ̀ ń jẹ ju táyà lọ.

Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wo ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, kò sí ìròyìn tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kà fún un nípa mọ́tò. Nígbà tí Badmus bẹ̀rẹ̀, bí ó bá gbé mọ́tò mẹ́wàá wálé, méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn á jẹ́ mọ́tò ọmọ ọ̀dọ́: ilẹ̀kùn méjì, imú gígùn, ìdí kúkúrú, gíà ọwọ́, tí yóò súnmọ́ ilẹ̀ bí alángbá. Olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lè rà á. Akọ̀wé káńsù lè rà á. Wọn a wà á lọ sí Òkè-Àgbè ní ọjọ́ ìsinmi, wọn a yọ apá síta lójú fèrèsé, ọmọge a sì jókòó pẹ́kípẹ́kí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí kò kúkú sí ibòmíràn tó lè jókòó sí. Nígbà tó yá, wọ́n di ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Nígbà tó tún yá, wọ́n di ọ̀kan lọ́dún. Ní báyìí, jíìpù ni gbogbo rẹ̀. Jíìpù ńlá, jíìpù kékeré, jíìpù tó jẹ́ pé mọ́tò lásán ni, agbádá ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò lókè òkun ti rí i pé ọwọ́ àgbà lowó wà, wọ́n bá kẹ̀yìn sí ọmọ ọ̀dọ́ pátápátá. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ó ń bí mi nínú. Kò bí Badmus nínú. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, kò sí ohun tó ń bí Badmus nínú mọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ kú. Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀: èèyàn a jókòó pẹ́ lórí ẹní, a ní ẹsẹ̀ òun ti kú, a nà án, a fi ọwọ́ pa á, kò ní pẹ́ tí yóò fi jí. Ti Badmus kò jí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn iléyá, ó jókòó sórí àpótí, ó ń ṣe àlùwàlá ìrun alásárì. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó fọ òsì. Omi tó ń ṣàn kúrò lábẹ́ òsì sì pọ́n. Ó wò ó títí kó tó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, tó rí ìṣó páànù tó ti rì sínú rẹ̀ dé orí. Bóyá àárọ̀ ló ti wọlé, bóyá àná ni, kò mọ̀. Ó fà á yọ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn, ó fi àkísà dì í, ó tún àlùwàlá ṣe, ó sì kírun.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó dín iyán kù, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ náà lè má padà sí bó ṣe wà mọ́. Dókítà bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

"Mò ń tajà," ni Badmus wí.

Irọ́ náà tẹnu rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ọ́, kò tilẹ̀ sẹ́jú.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Adébíyìí fún yín. Ọdún kan náà ni òun àti Badmus bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá Alhaji. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ojú Adébíyìí ń ṣe bàìbàì, ó sì fi mọ́tò oníbàárà gbá afárá kékeré kan nítòsí Ọ̀bà. Alhaji Kareem kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò lé e. Ó ra àga oníke kan, ó gbé e sẹ́nu géètì, ó ní kí Adébíyìí máa bá òun ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ni yóò kí i pé, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o." Ìkíni tó dáa ni. A ń fi kí ọba, a ń fi kí ìyá tó jókòó síwájú ilé rẹ̀. Badmus náà ń fi kí i láràárọ̀, títí di ọjọ́ kan tó wo ojú Adébíyìí dáadáa lẹ́yìn tó kí i tán, tó rí bí ọkùnrin náà ṣe gbé ìkíni yẹn mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Láti ọjọ́ náà ni ìkíni yẹn ti ń ba Badmus lẹ́rù, nígbà tí nǹkan ṣì ń bà á lẹ́rù.

Nítorí náà, ó pa ẹnu mọ́. Ohun tó sì bò ó láṣìírí ni ọ̀rọ̀ tí mò ń bá bọ̀: mọ́tò ayé òde òní kò bèèrè ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọtọmátíìkì ni gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ tọ́rọ́tù, òun náà ló ń tẹ bíréèkì. Òsì a kàn nà sílẹ̀ níbẹ̀ bí èrò tó ti sùn lọ. Oṣù mẹ́fà ni Badmus fi wa jíìpù gòkè wá láti Èkó báyìí, ẹnikẹ́ni kò fura, àfi Latifah tó ń fọ ọgbẹ́ náà fún un.

"Bàbá Raliat, ẹ sọ fún Alhaji," ni Latifah máa ń wí.

"Kò sí nǹkan."

Ohun tí Latifah kò mọ̀ ni pé ikú náà ti kúrò lẹ́sẹ̀, ó ti gòkè. Nígbà tí Raliat, ọmọ wọn, bímọ ní Ìlọrin, wọ́n pe Badmus lórí fóònù. Ó ní, "Alhamdulillahi," ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí inú òun dùn, ó dúró dè é díẹ̀ bóyá yóò dé, kò dé, ó bu òkèlè mìíràn.

Ìgbà tí nǹkan dùn mọ́ ọn kẹ́yìn, ó mọ ọjọ́ náà. Oṣù mẹ́jọ kí ẹsẹ̀ tó kú ni. Ọjọ́ tó wa mọ́tò pupa kékeré kan wálé ni.

Àṣìṣe Alhaji ló gbé mọ́tò náà dé Ìkàrẹ́. Orí fóònù ni Alhaji ti ń ra mọ́tò láti ọdún mélòó kan, àwòrán kan péré ni àwọn tó tà á sì fi ránṣẹ́, iwájú ni wọ́n ti yà á. Ó pupa, ó ń dán, ojú iná rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n kọ "Sport" sí i nímú. Alhaji ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀. Nígbà tí Badmus wà á dé, Alhaji yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Bàbá Raliat, ilẹ̀kùn tó kù ńkọ́?"

"Alhaji, kò sí èyí tó kù."

"Méjì náà nìyí?"

"Méjì náà nìyẹn."

Alhaji yọjú wọ inú rẹ̀, ó rí gíà ọwọ́, ó ka pẹ́dà mẹ́ta nílẹ̀, ó ní, "Ìnnà lílláhì," ó sì wọ ọ́fíìsì lọ.

Badmus kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́nà fún un. Láti Ọ̀wọ̀ wá, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ láàárín àpáta, mọ́tò náà ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bó bá ti ronú àtiyà, ó ti yà. Ó ń já gíà, ó ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì, etí. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò lóun nìkan.

Kò sẹ́ni tó ra mọ́tò náà. Ní ilẹ̀ wa, mọ́tò tí kò ṣeé fi gbé àna kì í ṣe mọ́tò. Ọkùnrin kan wá láti Ìṣùà, ó nífẹ̀ẹ́ sí i, ó sì mú ìyá ìyàwó rẹ̀ dání kó lè gbàdúrà sí i. Ìyá ní òun fẹ́ jókòó sẹ́yìn wò. Wọ́n dojú àga iwájú délẹ̀, ìyá fi orí wọlé, gèlè há sókè, ìdí kù síta, kò lè wọlé, kò lè jáde. Nígbà tí wọ́n rí i fà yọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó sì fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ kílọ́ọ̀ṣì í tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò náà ṣe wà lábẹ́ igi máńgòrò fún oṣù mẹ́rìnlá, tí owó rẹ̀ ń wálẹ̀, títí kò fi ju ti kẹ̀kẹ́ Márúwá tuntun lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan, nígbà ọyẹ́, ni Tẹjúmádé wọlé. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀kà. Ó kí Adébíyìí kú ìjókòó, ó gba iwájú àwọn jíìpù kọjá láì wò wọ́n, ó dé ìdí mọ́tò pupa, ó fi ìka nu eruku kúrò lára rẹ̀. Alhaji fẹ́ fi èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin hàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí ni mo bá wá. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi ló ya fọ́tò rẹ̀ fún mi."

"Ìyá ẹ ńkọ́? Níbo ni wọ́n máa jókòó sí?"

"Iwájú, sà. Èmi àti àwọn nìkan náà la wà nílé."

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọlà ẹni. Tẹjúmádé kọjú sí Badmus tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi.

"Bàbá, mo ti wá a lórí fóònù títí, bóyá wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀ tuntun. Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí iye tí wọ́n ń tà á, mo mọ̀ pé irun ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ti funfun. Ṣé kò ṣeé ṣe mọ́ ni, kí wọ́n ṣe é kó ká ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣeé ṣe," ni Badmus wí. "Wọn ò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọ ọ̀dọ́ ni kì í ra tuntun. Àgbà ló ń rà á, àgbà sì fẹ́ kí ìjókòó òun ga."

"Tí wọn ò bá sì ṣe tuntun lónìí, níbo la ti máa rí tòkunbọ̀ rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i?"

Badmus wò ó. Kò sí oníbàárà tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, òun náà kò sì bi ara rẹ̀ rí.

"Ẹ ò ní rí i," ló wí.

Alhaji bèèrè bóyá ọmọbìnrin náà lè wa mánúà, mọ́tò onígíà ọwọ́. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́ ọ. Ojú Alhaji tàn. "Bàbá Raliat ló máa kọ́ ẹ. Ní gbogbo Àkókó yìí, kò sẹ́ni tó mọ kílọ́ọ̀ṣì bíi tiwọn." Wọ́n fẹnu kò sí i pé Badmus yóò kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá lè wà á délé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀kà, ó ti rà á nìyẹn. Bí kò bá lè wà á, kó dá a padà. Nígbà tí ọmọ náà lọ, Alhaji fọwọ́ lé Badmus léjìká, ó ní mọ́tò mẹ́ta ń dúró l'Ékòó, bí wọ́n bá ti ta pupa yìí kúrò nílẹ̀, kó múra ìrìn àjò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé: láàárín gbogbo mọ́tò tó wà ní sítáńdì yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló lè tú àṣírí Badmus, òun gan-an ni wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́. Bí àṣírí bá tú, àga oníke kejì yóò wọ ẹnu géètì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó wọ inú mọ́tò náà lábẹ́ igi. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni gbé igi lé orí ìdáná. Ó tẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ bóyá òun tẹ̀ ẹ́. Ó wá wo orókún rẹ̀. Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá wọlẹ̀ tán, orókún a lọ sílẹ̀. Bó bá ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orókún a máa gòkè bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síárìn. Ó rí i pé bí orókún òun bá ti dé ìdí kọ́kọ́rọ́ yẹn gẹ́lẹ́, ìgbà náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń mú, tí mọ́tò á fẹ́ gbéra, tí ohùn ẹ́ńjìnnì á rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ó ṣe é lógún ìgbà. Ojú àti etí gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣe. Ó yẹ kó yọ̀, ó kàn pa iná mọ́tò ni.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ Tẹjúmádé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde. Badmus kọ́kọ́ wà á hàn án, ojú rẹ̀ nísàlẹ̀, ní orókún. Ọmọ náà rò pé bí àwọn ọ̀gá ṣe ń wà á nìyẹn. Nígbà tó kan tirẹ̀, mọ́tò náà ta pọ́ún, ó kú. Ó tún tan án, ó tún kú.

"Bàbá, tí ó bá fẹ́ mú, báwo ló ṣe máa ń ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ẹsẹ̀ Badmus fi mọ ìdáhùn yẹn. Ó wá a nínú orí, kò rí i.

"Fi ẹsẹ̀ sílẹ̀," ló wí. "Etí ni. Yóò máa kùn bí oyin. Tí o bá gbọ́ tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí, dúró síbẹ̀. Má gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló wà."

Tẹjúmádé pa ojú dé, ó gbọ́. Mọ́tò náà rọra gbéra. Ó kígbe ayọ̀ bí ọmọdé, ó yí pápá ká ní gíà kìíní lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó wá mú ìwé kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀: etí ni, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ó ní òun yóò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì òun. Badmus wo bí inú ọmọ náà ṣe ń dùn. Ó dà bí ẹni tó dúró síta, tó ń wo àwọn tó ń jẹun nínú ilé, tí ebi kò sì pa á.

Ọjọ́ keje pé. Wọ́n gbé mọ́tò náà kúrò ní Ìkàrẹ́ ní ọ̀sán, Tẹjúmádé nídìí síárìn, Badmus lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alhaji ti ṣàdúrà sí i. Bridget, ìyá Tẹjúmádé, náà sì ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ àná: rosari onígi, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ gbọnrangbọnran, tí Tẹjúmádé so mọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó wa mọ́tò náà gba Àkùngbá kọjá, ó wà á dé Ìwárò, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí gẹ̀gẹ́lẹ̀ tó lọ sókè ni ẹ̀rù bà á. Tírélà oníyanrìn kan ń wọ́ lọ níwájú wọn, èéfín bo ọ̀nà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, ẹ bá mi gun ibí yìí. Kí n wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. Mi ò fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ojú òkè."

Badmus lè sọ pé rárá. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ì bá ti sọ pé rárá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí lọ sídìí síárìn, ó sì wà á lọ sókè.

Wọ́n dé àárín gẹ̀gẹ́lẹ̀ nígbà tí tírélà dúró gbagidi. Badmus dúró. Ó fa bíréèkì ọwọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ti dé ẹ̀yìn wọn, ìyá kan jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀. Tírélà tún gbéra, ariwo rẹ̀ bo ohùn ẹ́ńjìnnì wọn. Badmus wo orókún rẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí orókún fi kan ohun tó ń rọ̀ wálẹ̀ lára kọ́kọ́rọ́. Ó tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ìdí kọ́kọ́rọ́ ni orókún rẹ̀ kàn. Ìlẹ̀kẹ̀ rosari ni, ó sì gùn ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Kílọ́ọ̀ṣì kò tíì mú.

Mọ́tò náà ń fà sẹ́yìn. Èrò inú kẹ̀kẹ́ figbe ta. Badmus fẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì, kò mọ ibi tó wà; ibi tó ti ń wá a, kò rántí fi ọ̀tún tẹ bíréèkì. Mọ́tò ta pọ́ún, ó dákẹ́, ó sì ń lọ sẹ́yìn síbẹ̀. Tẹjúmádé ló na ọwọ́, tó fi gbogbo agbára fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Wọ́n dúró. Àlàfo tó kù láàárín ìdí mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ náà, ewúrẹ́ kò lè gbà á kọjá.

Tẹjúmádé kò tíì jọ̀wọ́ bíréèkì náà.

"Bàbá," ló wí, "ó kú."

"Ó ti pẹ́ tó ti kú."

"Rárá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni."

"Láti iléyá ni."

Ọmọ náà yíjú sí i. "Kí ló kú láti iléyá?"

Badmus kò mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ títí ó fi gbọ́ ìbéèrè náà. Ó wo inú gíláàsì, ó rí ìyá inú kẹ̀kẹ́ tó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó wá sọ ojú abẹ níkòó.

"Ẹsẹ̀ mi. Òsì. Mi ò mọ nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́."

Tẹjúmádé bẹ̀rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀. Bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ náà, ó ti lọ́ sí ẹ̀gbẹ́, àwọn ìka rẹ̀ há sábẹ́ irin pẹ́dà, èékánná ọ̀kan ti ṣí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u jáde, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá."

"Ẹ mọ̀ pé bó ṣe wà nìyí, ẹ sì gbà láti wà á?" Inú ti ń bí i báyìí, omi sì ti lé sí i lójú. "Ẹ ò sọ fún mi. Ọmọ wà nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, Bàbá."

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé?"

Badmus rò ó, nítorí ó yẹ kí ọmọ náà gbọ́ òtítọ́. "Ẹ̀rù ò bà mí ni. Mo ń dúró dè é kó bà mí, kò dé. Nǹkan kì í dé mọ́. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan, ọmọ mi."

Tẹjúmádé nu ojú. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ ìyá inú kẹ̀kẹ́ náà, ó bẹ ẹni tó ń wà á, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n yà díẹ̀. Ó tú rosari kúrò lára kọ́kọ́rọ́, ó fi sí ọrùn ara rẹ̀. Ó ran Badmus lọ́wọ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ bá mi gbọ́ ọ," ló wí.

Badmus pa ojú dé. Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀, ó ń wálẹ̀, ó ku díẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ pé "báyìí," ọmọ náà sì ti tú bíréèkì sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Mọ́tò náà kò fà sẹ́yìn rárá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ tírélà kọjá, ó já gíà kejì, ó yà láàárín àpáta méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bó ṣe ké fún Badmus lóun nìkan ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, láti Ọ̀wọ̀ wá.

"Ta ló máa sọ fún Alhaji?" ni Tẹjúmádé bèèrè nígbà tí wọ́n dé orí òkè.

"Èmi ni."

"Mo máa gbé yín padà lọ. Ẹ sọ ọ́ lónìí."

"Lónìí ni."

Bridget ti jáde síta nígbà tó gbọ́ ìró mọ́tò. Ó fi èdè Ọ̀kà bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kíá-kíá, ó yí mọ́tò náà po, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá ilẹ̀kùn tó kù bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Ó wá rí àgbàlagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹnu fèrèsé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó yí ohùn padà sí èdè tí Badmus yóò gbọ́.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó o."

Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, "ẹ kú ọ̀nà" ni wọ́n ń kí i nínú mọ́tò. Badmus gbé ìkíni náà mì. Ó korò, ó sì gbọ́ ìkorò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ inú.

"Ooo," ló wí. "Ẹ ṣeun, ìyá wa."

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó tutù. Ó wo ọwọ́ náà, ó rí omijé níbẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ ó ń wò ó.